Orúkọ Wà Lára Ògiri, Ìwé Ni Kí Ẹ Béèrè
Ọ̀rọ̀ lórí bóyá a lè fọkàn tán àwọn aṣojú iléeṣẹ́ mọ́tò, tí a sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, Ìpàta, Ìlọrin



Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Kí ẹgbẹ́ máa dáwó fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àpò sá lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A kú orí ire.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ti ń pé lọ, ọ̀rọ̀ sì ti pín sí méjì ní ìpàdé. Àwọn kan ní kí a ra tuntun lọ́wọ́ aṣojú iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí a sì máa gbé e lọ síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Àwọn kan ní owó orúkọ lásán ni àwọn yẹn ń gbà, pé Tòkunbọ̀ tó dára àti mẹkáníìkì àdúgbò ti tó wa. Òótọ́ wà lọ́dọ̀ ìhà méjèèjì. Ohun tí èmi wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má fọkàn tán orúkọ, ohun tí ẹ lè fojú rí, tí ẹ lè kà, tí ẹ sì lè gbé dé iwájú òfin ni kí ẹ fọkàn tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Aṣojú iléeṣẹ́ kọ́ ló ṣe mọ́tò. Oníṣòwò ni, tó bá ẹni tó ṣe é tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò máa ta ọjà rẹ̀, òun yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ṣe là á kalẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ìgbà tí SCOA ń ta Peugeot, tí Leventis ń ta Mercedes. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Ní ti Toyota, orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ni Mandilas, R.T. Briscoe àti Elizade, èyí tí Olóyè Michael Ade-Ojo ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín dá sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ní tí ẹlòmíràn kò ní? Nǹkan mẹ́rin. Wọ́n ní wáráńtì, ìyẹn àdéhùn pé bí nǹkan bá bàjẹ́ láti ilé wá, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà tààrà sí ojúlówó páàtì. Wọ́n ní mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́ àti ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, nítorí mọ́tò òde òní ti kọjá èyí tí a ń fi etí gbọ́ àìsàn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni pé orúkọ yín wà nínú ìwé wọn. Bí ẹni tó ṣe mọ́tò bá rí àléébù lẹ́yìn títà, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti wá yín rí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìfura ti ń wá nìyí. Èrè orí mọ́tò tuntun kì í pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ìdí ìtọ́jú àti páàtì ni owó tó ń wọlé lójoojúmọ́ wà. Ẹni tó ń sọ fún yín pé nǹkan ti bàjẹ́ náà ni yóò gbowó àtúnṣe rẹ̀. Èmi náà ti ṣiṣẹ́ nídìí káńtà ìtọ́jú mọ́tò níbì kan tí n kò ní dárúkọ, mo sì rí i tí wọ́n kọ fífọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́ owó mọ́tò tí kò tíì rìn ju 5,000 kìlómítà lọ. Ìwé tó bá mọ́tò náà wá kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kò ka ìwé, ó sanwó, ó sì dúpẹ́. Wọ́n ń kì wá ní Ìlọrin pé ẹnu wa dùn ju iyọ̀. Ẹnu ẹni tó ń ta mọ́tò dùn ju tiwa lọ.

Orúkọ ńlá pàápàá kò ní kí àrékérekè má wọlé. Lọ́dún 2015, àṣírí Volkswagen tú pé wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà sínú mọ́tò oní-dísù tó tó mílíọ̀nù 11, kí èéfín wọn lè dà bí èyí tó mọ́ nígbà àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ Tòkunbọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá sá fún aṣojú iléeṣẹ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tàn. Wọ́n ń yí nọ́ńbà ìrìn mọ́tò padà sẹ́yìn. Láti oṣù kìíní 2017, ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Nítorí náà, èyí tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Chikanda ní Baruten wọlé, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lọ́nà. Ti àpò atẹ́gùn Takata tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ohun inú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí yóò fi bú gbàmù, tí irin yóò sì fọ́n sí awakọ̀ lára. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù 60 irú rẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn kò tíì gba àtúnṣe kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa.

Kí wá ni ṣíṣe? Ará Ìpàta kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Ẹni tó ti ń ra ẹran lọ́wọ́ alápatà kan láti ogún ọdún ṣì ń yí ẹran wò kó tó sanwó. Kò bú alápatà, ọjà ló ń ná. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, wọ ọjà lọ́jọ́ kan, ó ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Olówó rẹ̀ ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ kíyè sí i: ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni, kò fi ojú lásán wò ó.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì:

Èkíní, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lẹ àmì Toyota mọ́ ògiri ni aṣojú Toyota.

Èkejì, ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lára mọ́tò, kí ó bá ti inú ìwé mu. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó wọn. Yóò sọ bóyá àtúnṣe kan ṣì kù.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Mọ́tò "tuntun" tí táyà rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún ní ìbéèrè láti dáhùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka wáráńtì kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ní ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló parí rẹ̀. Ẹ wo ohun tó lè bà á jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà ìtọ́jú, kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n sì kó páàtì tí wọ́n yọ fún yín. Ẹni tó pààrọ̀ bíréèkì lóòótọ́ yóò ní ògbólógbòó bíréèkì lọ́wọ́.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sọ pé kí oníṣòwò fi iye ọjà hàn, kó fún ni ní rìsíìtì, kó sì sọ ọ́ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò gbé lọ fún wọn?

Ìmọ̀ràn mi rèé. Bí owó bá ká a, ẹ ra tuntun lọ́wọ́ aṣojú tó níwèé àṣẹ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn títí wáráńtì yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè gbà á, bí ó bá gbà láti máa kọ ìwé bíi tiwọn. Bí owó kò bá ká a, Tòkunbọ̀ kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́nà méjèèjì, kí mẹkáníìkì tí kò ní owó gbà nínú ọjà náà bá yín lọ, kí akọ̀wé sì kó gbogbo rìsíìtì sínú fáìlì kan.

Bọ́ọ̀sì yìí ni yóò gbé ìyàwó, ni yóò gbé wa lọ síbi ìsìnkú, ni yóò kó ọmọ wa gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Bí bíréèkì bá kọ̀ lójú ọ̀nà, kò ní bi wá pé ta ló borí nínú àríyànjiyàn ìpàdé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ra á, yóò jẹ́ ká lò ó, kò ní fi gbé òfò wá bá wa. Ọdún mẹ́wàá yóò di ogún, ogún yóò di àádọ́ta, lọ́lá Ànábì.