Àdúrà fún Ẹni tí Ibà Lassa Dá Dúbúlẹ̀

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, àṣà àwọn baba ni pé bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tilé-toko a pé lé e lórí láti gbàdúrà fún un. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n ibà Lassa, tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí ó sì máa ń yọ agbègbè méjèèjì yìí lẹ́nu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò fẹ́ irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ní ń kó o sínú oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ àti èébì aláìsàn sì ń kó o ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí ibà lásán ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń pẹ́ ní ilé àdúrà títí ọjọ́ 6 àkọ́kọ́, tí oògùn ribavirin ń ṣiṣẹ́ jù, yóò fi kọjá.

Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ ni yóò wà níbẹ̀. Kò sí pé à ń gbé ọwọ́ lé e lórí. Kí ẹbí dúró lóde gbàdúrà (Ọlọ́run kò di etí sí ará òde), kí aládùúgbò sì bá wọn tọ́jú ọmọ, kí ó bá wọn ro oko. Nígbà tí dókítà bá sì ní kí ó máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sá fún un. Kí wọ́n bá a jẹun, kí wọ́n bá a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.