Kí A Tó Wó Ilé Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá. Kì í ṣe ilé tí a ń kọ́, bí kò ṣe èyí tí a ń wó.

Ẹni tí ó bá dé Ìta Tinúubú ní Èkó kí oṣù September 2016 tó dé yóò rántí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855, ní irú ọ̀nà tí àwọn Àgùdà kó bọ̀ láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ibi ìgbàlejò ni, wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè wa.

Ṣùgbọ́n oyè kì í tún òrùlé ṣe. Ilé náà gbó, kò sì rí ìtọ́jú tó bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù September 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Onílé ń fẹ́ ilé tí òjò kò ní jò, tí yóò sì mówó wọlé. Ìlú ń fẹ́ kí ìtàn rẹ̀ wà. Bí òfin bá ní kí onílé má wó ilé rẹ̀, ta ni yóò san owó àtúnṣe? Ẹjọ́ yìí kò rọrùn láti dá.

Irú rẹ̀ kan àwọn ará Japan rí. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà ní Tokyo tí ń jẹ́ Imperial Hotel. Frank Lloyd Wright, ará Amẹ́ríkà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i gan-an, ọjọ́ kìíní oṣù September 1923, ni ilẹ̀ mì tìtì. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí ó kú ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì náà fara pa díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wó.

Ohun tí ilẹ̀ mímì kò lè ṣe, ọwọ́ ènìyàn ṣe é. Ilẹ̀ ń rì lábẹ́ ilé náà, yàrá rẹ̀ kò tó èrò mọ́, ilẹ̀ àárín ìlú sì ti di ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀bẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ní 1967 sí 1968, wọ́n wó o. Hòtẹ́ẹ̀lì alájà 17 gba ipò rẹ̀ ní 1970.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó wù mí nínú ìtàn náà. Wọn kò da iwájú ilé náà nù mọ́ àlàpà. Wọ́n tú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti gbọ̀ngàn ìgbàlejò, wọ́n kó o lọ sí Meiji-mura, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ sí. Èyí tí ó bàjẹ́ nínú òkúta rẹ̀, wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ó di 1985 kí iṣẹ́ náà tó parí pátápátá. Onílé rí ilé tuntun, ọmọ iléèwé sì lè wọ ẹnu ọ̀nà àtijọ́ náà lónìí.

Ẹ óò ní owó Japan kò sí lọ́wọ́ wa ní Oṣooro àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èló ni okùn tí a fi ń wọn ilé? Bí ilé bàbá ńlá yín bá fẹ́ di wíwó, ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú àti níta. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó mọ ọ́n, ọdún tí wọ́n ṣí i, àti àwọn àlejò tí ó sùn níbẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí iléèwé.

Ẹ̀yin onílé náà, bí ilẹ̀kùn àtijọ́ bá ṣì le, ẹ má fi dáná. Ẹ so ó mọ́ ilé tuntun, kí ọmọ lè fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ bá ń pìtàn fún un.