Ìrora Nǹkan Oṣù Tí Ó Ju Ti Ìṣe Ara Lọ: Ọ̀rọ̀ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí ni àwọn ìyá máa ń sọ ní kọ̀rọ̀, tí àwọn bàbá sì máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti gbọ́ ọ. Àlùkùránì kò fi ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù pamọ́. Ó wà nínú Súrátù Bákárà, aáyà 222. Nígbà tí Fátímọ̀ ọmọ Abí Hubaiṣi sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ òun kò dá, ọ̀dọ̀ Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìbéèrè náà lọ. Ìdáhùn tí ó gbà fi ìyàtọ̀ sáàárín nǹkan oṣù àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ti inú iṣan wá. Irú ìyàtọ̀ yẹn, láàárín ohun tí í ṣe ìṣe ara àti ohun tí í ṣe àìsàn, ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbójú fò.

Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ṣàgámù. Lóṣooṣù, ọjọ́ mẹ́ta ni kì í lè dìde lórí ẹní. Ó ń bì, ìbàdí ń ro ó, bí ó bá sì fẹ́ yàgbẹ́, a dà bí ẹni pé ọ̀bẹ ń gé e nínú. Ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe òun náà, pé bí ó bá lọ́kọ tí ó sì bímọ, yóò lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń polówó nínú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń ṣa obì ní Sábó ni, owó ọjọ́ mẹ́ta ni kò wọlé yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti wà nílé ọkọ, kò rí oyún ní, ìyá ọkọ sì ti ń wojú rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó ni èyí. Irú rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí ń fa irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní endometriosis. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ilé ọmọ tí ó máa ń nípọn lóṣooṣù, tí ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù jáde. Lára ẹni tí ó ní àìsàn yìí, ohun tí ó jọ awọ náà hù sí ibi tí kò yẹ kí ó wà: lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ a wú, a di àpá, ẹ̀yà ara kan a sì lẹ̀ mọ́ èkejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó ẹnì kan nínú obìnrin mẹ́wàá tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ tí ó ní in, nǹkan bí 190 mílíọ̀nù lágbàáyé, àti pé ó lè gba ọdún 4 sí 12 kí a tó mọ̀ ọ́n.

Kí ló ń fa ìdádúró náà? Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn àwọn oníṣègùn. Fún ìgbà pípẹ́ ni ìwé wọn fi ń kọ́ni pé àìsàn obìnrin aláwọ̀ funfun ni, pé aláwọ̀ dúdú kì í sábà ní in. Ní 1976, dókítà kan ní Chicago, Donald Chatman, fi hàn pé ọ̀pọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n sọ fún pé kòkòrò àrùn ló wọ ilé ọmọ wọn, endometriosis gan-an ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún obìnrin tí ó pa ara rẹ̀ mọ́: wọ́n ń fún un ní oògùn bí ẹni tí ó kó àtọ̀sí! Nítòsí ilé, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015 sọ̀rọ̀ nípa obìnrin 239 tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú wọn ní Ìbàdàn. 115 nínú wọn ni ó ní in. Kì í ṣe pé ìdajì gbogbo obìnrin ló ní in o. Àwọn tí ìṣòro ti gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n yẹ̀ wò. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé kò sí nílẹ̀ Yorùbá.

Láti 1986 ni ilé ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní Olabisi Onabanjo University Teaching Hospital ti wà ní Ṣàgámù, ti Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ọ̀nà kò jìn. Ohun tí ó ṣòro ni ohun tí aláìsàn yóò wí bí ó bá débẹ̀, nítorí bí ó bá ní "inú ń run mí" nìkan, oògùn ibà lè ni yóò gbà bọ̀. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé fún oṣù mẹ́ta: ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó dá, ibi tí ó ń dùn ún, ọjọ́ tí kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọjà, bóyá ó ń dùn ún bí ó bá ń tọ̀ tàbí tí ó bá ń yàgbẹ́. Obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní láti sọ bí ìbálòpọ̀ bá ń dùn ún. Dókítà kò lè mọ èyí bí a kò bá sọ ọ́.

Àwọn ìyá máa ń bẹ̀rù àyẹ̀wò fún ọmọ tí kò tí ì lọ́kọ. A lè ṣe scan láti orí ikùn, a sì lè béèrè pé kí dókítà obìnrin ṣe é, tàbí kí ìyá dúró tì í. Ṣùgbọ́n bí scan kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò fi hàn pé irọ́ ni ọmọ náà ń pa. Scan kì í rí gbogbo rẹ̀. Ìlànà tí àwọn dókítà Yúróòpù gbé jáde ní 2022 gbà pé a lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìdúró de iṣẹ́ abẹ.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé nìyí: lára àwọn oògùn náà ni àwọn tí a ń lò fún ìfètò sọ́mọ bíbí wà. Bàbá tí ó bá rí i nínú àpò ọmọ rẹ̀ lè pariwo. Kí ó kọ́kọ́ béèrè. Ìrora ni oògùn náà wà fún, kò sì sọ ọmọ náà di oníṣekúṣe. Kò tí ì sí oògùn tí ń mú àìsàn yìí kúrò pátápátá. A ń dín ìrora kù, a sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tí ó bá yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń bímọ. Nítorí náà, kò tọ́ láti yára fi ọmọ fún ọkọ kí ìgbéyàwó lè wò ó sàn, nítorí kò lè wò ó.

Iṣẹ́ abẹ náà gba owó. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ ètò ìbánigbófò ìlera di dandan. Kí olórí ilé lọ béèrè ohun tí ètò náà yóò san lórí àìsàn yìí, kí ó tó di pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ dé. Ọkọ tí kò rí ọmọ sì ní láti bá aya rẹ̀ wọlé tọ dókítà, kí wọ́n yẹ àtọ̀ tirẹ̀ náà wò lọ́jọ́ kan náà.