Ta Ló Ń Fún Òrìṣà Lágbára?

Mo rí àwọn kan nínú yín tó ti oko wá tààrà, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ kú iṣẹ́. N kò ní dá yín dúró pẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ó dé láti yunifásítì fún ìsinmi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin wá jókòó yí tábìlì ká ní pálọ̀ mi láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ fi kọ. Dungeons & Dragons lorúkọ eré tí wọ́n ń ṣe; Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí àwọn ń ṣe nínú ìtàn náà: èyí jagunjagun, èyí oṣó, èyí àlùfáà. Tó bá kù bóyá ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe á bọ́ sí i, wọ́n á ju nǹkan kan bí ọmọ lúdò, àmọ́ ogún ni ojú tirẹ̀. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọn bí babaláwo ṣe ń tẹjú mọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ ṣáà má bọ ọ́."

Àlùfáà inú eré yẹn ló gba ọkàn mi. Ó ń wo ọgbẹ́ sàn, ó ń lé òkú tó ń rìn. Mo bi ọmọ náà pé níbo ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Ó ní ọ̀dọ̀ òrìṣà rẹ̀ ni. Láàárọ̀, àlùfáà á gbàdúrà, òrìṣà á fún un ní ìwọ̀n tó máa lò lóòjọ́ náà. Tó bá tán, ó di ọ̀la. Tó bá sì hu ìwà tí òrìṣà kò fẹ́, agbára á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ṣé bí a ṣe ń ra dátà náà nìyẹn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Mo lọ wádìí. Nígbà tí Arneson ń ṣe eré náà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ìwé rẹ̀ tó jáde, ọ̀kan nínú wọn di òkú amùjẹ̀ nínú eré, ó ń yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu, kò sẹ́ni tó lè ká a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá àlùfáà sílẹ̀, kí ẹnì kan lè kojú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀. Lọ́dún 1980 wọ́n tẹ ìwé kan tí wọ́n pè ní Deities & Demigods, wọ́n kó àwọn òrìṣà Gíríìkì, ti Íjíbítì, ti Ṣáínà àti ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn sínú rẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà díwọ̀n agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí Ṣàngó níbẹ̀, kò sí Ọbàtálá. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Ìgbà tó yá ni mo sọ fún ara mi pé ó tiẹ̀ dáa: ta ló fẹ́ fi nọ́ńbà díwọ̀n Ṣàngó lójú Ṣàngó?

Ẹ jẹ́ ká wálé. Gbogbo yín lẹ mọ Òkèbàdàn, òrìṣà òkè Ìbàdàn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní nígbà tí ogun tú Ìbàdàn àkọ́kọ́ ká, nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan eégún lójú ọjà, Lágelú, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sórí òkè. Èso òro ni wọ́n ń jẹ, ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ìgbín náà ló sì di àwo wọn. Òkè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tún ìlú dó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Títí dòní, Abòkè ni olórí ìsìn náà, lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, iná kì í jó lábẹ́ ìkòkò níbi tí wọ́n bá ti ń pa àṣà mọ́.

Òkè yẹn ti wà níbẹ̀ kí Lágelú tó dé. Òkúta ni. Ọjọ́ tí èèyàn sá wọ inú rẹ̀, tó sì yọ láàyè, lọ́jọ́ náà ló di òrìṣà. Ọ̀tá ló bí àlùfáà Arneson. Ọ̀tá náà ló bí Òkèbàdàn.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé níbi tí èèyàn kò bá sí, imalẹ̀ kò sí. Wọ́n tún ní: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Ẹni tó ń sọ báyìí fún òrìṣà mọ̀ pé òun ní nǹkan lọ́wọ́ tí òrìṣà ń fẹ́. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù tó sì gbọ́ Yorùbá yéké, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èyí lọ́dún 1981: bí èèyàn ṣe ń dá òrìṣà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Òrìṣà tí àwọn olùsìn rẹ̀ bá pọ̀, tí wọ́n ń kì í, tí wọ́n ń bọ ọ́, orúkọ rẹ̀ á kàn. Èyí tí a pa tì, igbó á bo ojúbọ rẹ̀.

Àwọn olóyìnbó eré náà dé ìdí òótọ́ yìí fúnra wọn. Nínú ayé kan tí Ed Greenwood, ọmọ Kánádà, dá fún eré náà, ọ̀gá gbogbo òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Ao. Nínú ìtàn tó jáde lọ́dún 1989, Ao pàṣẹ pé bí olùsìn òrìṣà kan bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ yóò ṣe tó. Ao fúnra rẹ̀ kò ní ojúbọ. Àbí ẹ ò rántí Olódùmarè? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé Ao kì í gbọ́ àdúrà, tiwa rèé, tí a bá kọ ẹsẹ̀ lásán, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ti jáde lẹ́nu.

Ibi tí èmi ti kúrò lẹ́yìn wọn ni ti ewé. Nínú eré, ọ̀nà kan ṣoṣo ni agbára àlùfáà ń gbà wá: láti ọ̀dọ̀ òrìṣà. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀sanyìn ló ni ewé, ṣùgbọ́n ewé náà ní orúkọ àti ọfọ̀ tirẹ̀. Olóògùn á jí lọ sí oko kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á pe ewé lórúkọ kó tó já a. Oògùn sì ní èèwọ̀. Òrìṣà lè máa yọ́nú sí ọ, kí o jẹ èèwọ̀ oògùn, kó bàjẹ́.

Ní Àkànrán níbí, tí a bá ń sọ̀rọ̀ oògùn àti èèwọ̀, n kò gbọdọ̀ dákẹ́ nípa Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀. Lọ́dún 1968 àti 1969, àgbẹ̀ kọ owó orí, Táfà Adéoyè sì jẹ́ aṣáájú wọn. Ní oṣù September 1969 wọ́n ya bo ẹ̀wọ̀n Àgodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Òǹdè wà lọ́rùn, ìfúnpá wà lápá, wọ́n ní ayẹta ń ṣiṣẹ́. Bí ìbọn bá sì mú ẹnì kan, wọ́n á ní ó ti jẹ èèwọ̀. Ìjọba ológun tó fi ìbọn kojú wọn ló wá juwọ́ sílẹ̀: lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà sọ̀rọ̀, owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì lọ́dún. Èrò tèmi ni pé ìmùlẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Abúlé tó ti mulẹ̀ pọ̀ kò ní tú àṣírí ara wọn. Ẹni tó bá ní ayẹta ló ṣe é jù, n kò ní bá a jà. Àwọn tó rí i pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe eré yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà wọ̀nyí léèrè orúkọ ewé, kí ẹ kọ òfin tiyín sínú eré náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí ìlú kò bá bọ Òkè lọ́dún kan, Abòkè inú eré kò ní lè wo ọgbẹ́ kankan títí ọdún á fi yípo. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń bá a jà lórí ìyẹn.