Písítìn Rírọ àti Epo 91: Títún Ẹ́ńjìnnì Tọ́bò Tò ní Ìsàlẹ̀ Èkó

[Ohùn ọkọ̀ tó dúró lójú kan, fèrè, kọ́ńdọ́ tó ń pe èrò]

Aago mẹ́ta ọ̀sán, Apọ́ńgbọ̀n ti há. Ọkọ̀ tó ń ti Ìdúmọ̀tà bọ̀ kò ráyè gun orí afárá Èkó, èyí tó ń ti Súrùlérè bọ̀ kò sì ríbi yà sí. Láàárín wọn ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tọ́bò wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, oòrùn ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ kò rìn, afẹ́fẹ́ kankan kò sì fẹ́ sí rédíétọ̀. Irú ọ̀sán báyìí ló ń dán ẹ́ńjìnnì tọ́bò wò ní Èkó.

Ètò yìí dá lórí ohun tó kàn nígbà tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ á sọdá sí Ládípọ̀ ní Múṣin, wọ́n á ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ míràn, wọ́n á gbé e wọlé. Àwọn kan kò ní gbà. Wọ́n á ní kí mẹkáníìkì tú ti ọwọ́ wọn palẹ̀, kó tún un tò lọ́nà tí yóò fi lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpinnu méjì ni yóò kọ́kọ́ kò wọ́n lójú: irú písítìn tí yóò wọ inú rẹ̀, àti bí písítìn náà yóò ṣe fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó. Ìwé ìpolówó ọjà àwọn tó ń ta písítìn ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń wá ìdáhùn. Ilé epo tí ọkọ̀ náà ti ń mu epo, àti ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ lójoojúmọ́, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí písítìn bá wà nísàlẹ̀ síríńdà, àyè tó wà lókè rẹ̀ fẹ̀. Bí ó bá gòkè tán, àyè kékeré ló ṣẹ́ kù. Iye ìgbà tí àyè kékeré yẹn wọ inú àyè ńlá ni ìwọ̀n ìfúnpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì 2JZ-GTE ti Toyota, èyí tó wà nínú Supra tó jáde ní 1993. Ihò síríńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 86 mm, písítìn rẹ̀ sì ń rin 86 mm, èyí tó fi jẹ́ pé síríńdà kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 500 cc. Toyota fi ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ sí 8.5 sí 1. Èyí tí kò ní tọ́bò nínú ìran kan náà, 2JZ-GE, jẹ́ 10 sí 1. Ìyàtọ̀ àyè òkè písítìn láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 11 cc, omi tó máa kún ṣíbí ìpotíì méjì tán tí díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ìyàtọ̀ kékeré yìí lè pinnu bóyá ẹ́ńjìnnì yóò gba tọ́bò tàbí yóò fọ́.

Alfred Büchi, ẹlẹ́rọ ọmọ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tọ́bò ní 1905. Èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun náà sì ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ní ìlú etí òkun bí Èkó, afẹ́fẹ́ lásán ti ní ipá tó tó 14.7 psi. Bí tọ́bò bá fi 14.7 psi míràn lé e, ipá afẹ́fẹ́ tó ń wọ síríńdà ti di ìlọ́po méjì. Ooru sì ń bá a rìn. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 30°C lè ti ẹnu tọ́bò jáde ní ohun tó lé ní 120°C. Intercooler, ìyẹn rédíétọ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́ náà lára, ló yẹ kó mú un tutù kó tó dé síríńdà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ìrìn ọkọ̀ ni intercooler fi ń ṣiṣẹ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òun fúnra rẹ̀ á gbóná.

Kí wá ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ṣe? Ó yẹ kí plọ́ọ̀gì dá iná, kí iná náà sì ràn létòlétò láti ẹnu plọ́ọ̀gì dé etí síríńdà. Bí ìfúnpọ̀ bá pọ̀ jù, tí afẹ́fẹ́ gbóná jù, tí epo kò sì lágbára láti dúró dè é, apá tí iná kò tíì dé á bú gbàmù fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń mi owó ẹyọ nínú agolo. Ìbúgbàmù àìtásìkò yìí ló ń fọ́ etí písítìn níbi tí rìǹgì òkè jókòó sí, tó ń ya ara rẹ̀, tó sì ń yọ́ orí rẹ̀ bí ó bá pẹ́ díẹ̀. Iná inú síríńdà gbóná ju 2,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ aluminiọ́ọ̀mù ń yọ́ ní 660°C. Ohun tó ń dá písítìn sí ni awọ afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo orí rẹ̀, àti ọ́ìlì pẹ̀lú rìǹgì tó ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Ìbúgbàmù àìtásìkò ń fa awọ yẹn ya.

[Ohùn páǹpù epo]

Agbára epo láti dúró de plọ́ọ̀gì ni wọ́n ń fi ọ́ktéènì wọ̀n. Nàìjíríà fi ìlànà ti bẹntiróòlù sí 91. Ní Yúróòpù, 95 ni èyí tó kéré jù tí gbogbo ènìyàn ń rà, 98 sì wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó bá ka ìmọ̀ràn ọmọ Jámánì pé 9.5 sí 1 kò léwu gbọ́dọ̀ rántí epo tí ọmọ Jámánì náà ń rà.

Epo tí wọ́n kọ 91 sí lára pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ epo kan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tó ń ṣàmójútó ọ̀rọ̀ epo kéde pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju bí ìlànà ṣe gbà lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìlà gùn ní ilé epo, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì kọṣẹ́. Ọ́ktéènì methanol ga gan-an, ibòmíràn ni wàhálà rẹ̀ wà. Agbára tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ti bẹntiróòlù lọ, nítorí náà injẹ́ẹ̀tọ̀ tó ń wọn epo bí ti tẹ́lẹ̀ kò bù ú tó mọ́. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò tí epo rẹ̀ kò tó nígbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ ń jó gbẹ, ooru rẹ̀ sì ń ga. Methanol tún ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin àti rọ́bà.

Ó yani lẹ́nu pé methanol kan náà ni wọ́n fi gba ẹ́ńjìnnì là ní Amẹ́ríkà ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú. Ní 1962, Oldsmobile gbé Jetfire jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tọ́bò sí fún títà. Wọn kò dín ìfúnpọ̀ rẹ̀ kù, 10.25 sí 1 ni wọ́n fi í sí. Kí ó má baà fọ́, wọ́n gbé ìgò omi tí wọ́n pò mọ́ methanol sí i, ó ń fọ́n ọn wọlé láti mú ooru rọlẹ̀. Àwọn tó ra ọkọ̀ náà kò rántí láti máa rọ ìgò náà kún. Lẹ́yìn 1963, wọn kò ṣe é mọ́. Àwọn tó tẹ̀lé e gba ọ̀nà míràn: BMW 2002 turbo ti 1973 sọ̀ kalẹ̀ sí 6.9 sí 1, Porsche 911 Turbo tó tẹ̀lé e sọ̀ sí 6.5 sí 1. Wọ́n lágbára bí tọ́bò bá gbéra, ṣùgbọ́n wọ́n ń falẹ̀ kí ó tó gbéra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ará Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an nìyí. Láti Ẹnu Ọ̀wá dé Marina kò tó kìlómítà mẹ́ta, ọkọ̀ sì lè lo wákàtí kan níbẹ̀. Nínú wákàtí náà, tọ́bò kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá sọ ìfúnpọ̀ kalẹ̀ jù, sí 7.5 sí 1 bí àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì aláìlágbára tó ń jẹ epo púpọ̀ ni onítọ̀hún ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí epo sì ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023. Fún ẹ́ńjìnnì tí injẹ́ẹ̀tọ̀ rẹ̀ ń fọ́n epo sí ẹnu ọ̀nà báfùù, tí yóò mu epo 91, tí tọ́bò rẹ̀ kò sì ní í kọjá 12 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, 8.5 sí 1 ni ètò yìí dúró lé. Ẹni tí intercooler rẹ̀ tóbi, tí bíréènì-bọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí epo àti iná plọ́ọ̀gì, sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, lè gun 9 sí 1. Ọkọ̀ tuntun tó ń fọ́n epo tààrà sínú síríńdà, tó sì ń gba 10 sí 1, kò yẹ fún àwòkọ́ṣe níbí, nítorí epo tó ń fọ́n sínú yẹn fúnra rẹ̀ ń tu afẹ́fẹ́ lára.

Písítìn wá ńkọ́?

Ọwọ́ Yorùbá mọ iṣẹ́ méjèèjì dáadáa: asúdẹ ń yọ́ idẹ dà sínú àwòṣe, alágbẹ̀dẹ ń fi owú rọ irin. Ọ̀pọ̀ písítìn tó ń bá ọkọ̀ jáde ní ilé iṣẹ́ jẹ́ dídà. Èyí tí wọ́n rọ, ẹ̀rọ olówú ńlá ló fi ipá tẹ aluminiọ́ọ̀mù gbígbóná sínú àwòṣe, tí àwọn ẹyọ inú irin náà sì fún mọ́ra. Dídà máa ń fọ́ lójijì bí ìbúgbàmù àìtásìkò bá lù ú. Rírọ á kọ́kọ́ tẹ̀, á fara da díẹ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi JE àti Wiseco ní Amẹ́ríkà, àti Mahle ní Jámánì, ló ń ṣe é. Ẹni tó bá rò pé písítìn rírọ wo àìsàn epo burúkú sàn ń tan ara rẹ̀. Àkókò díẹ̀ sí i ló fún un kó tó bàjẹ́.

Irú àdàlù aluminiọ́ọ̀mù méjì ló wọ́pọ̀. Nínú 4032, sílíkọ́ọ̀nù tó nǹkan bíi 12 nínú 100, nítorí náà kì í wú púpọ̀ bí ó bá gbóná. Nínú 2618, sílíkọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, irin náà le koko nínú ooru, ṣùgbọ́n ó ń wú ju èkejì lọ. Ìbátan 2618 yìí, tí wọ́n ń pè ní RR58, ni wọ́n fi ṣe ara Concorde, ọkọ̀ òfurufú tó yára ju ohùn lọ. Nítorí wíwú rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín 2618 àti ògiri síríńdà gbọ́dọ̀ fẹ̀: nínú síríńdà 86 mm, ó lè tó 0.08 sí 0.10 mm, nígbà tí ti 4032 lè dúró ní nǹkan bíi 0.05. Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, 2618 á máa gbá ògiri, á máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ títí yóò fi gbóná. Fún ọkọ̀ ìdíje, kò burú. Fún ọkọ̀ tó ń rìn láti Òbún Èkó lọ sí Broad Street, tó ń kú tó ń jí nígbà mẹ́fà lóòjọ́, 4032 ló bójú mu, àfi bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ ipá tọ́bò tó pọ̀ gan-an.

[Ohùn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin]

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, nígbà tí William Akinọlá Dáwódù ń ta kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò, tó sì ń tún wọn ṣe ní Èkó, ni iṣẹ́ mẹkáníìkì ti wà lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní Òjó, Peugeot sì ń to 504 ní Kàdúná. Ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà ní àyíká 7.5 sí 1. Ó ń gba epo tí kò dára tó, ó ń fara da àṣìṣe, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì fi kọ́ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò kì í foríjì bẹ́ẹ̀. Máìkírómítà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbẹ́ síríńdà, písítìn gan-an tó máa wọ ihò kọ̀ọ̀kan ni yóò sì wọ̀n kó tó gbẹ́ ẹ. Ẹnu rìǹgì náà gbọ́dọ̀ ní àlàfo tó tó, nǹkan bíi 0.45 sí 0.5 mm lórí síríńdà 86 mm. Bí ooru tọ́bò bá mú kí etí rìǹgì méjèèjì kan ara wọn, rìǹgì náà á fọ́ etí písítìn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Tọ́ọ̀pù-síríńdà, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, tó ti gbóná jù rí ni wọ́n máa ń fá kó lè tẹ́jú, òmíràn tilẹ̀ ti rí ìfá kó tó kúrò ní òkè òkun. Bí wọ́n bá fá 0.5 mm lórí síríńdà 86 mm, nǹkan bíi 3 cc lè sọnù, 8.5 sí 1 á sì gòkè kọjá 8.8 láìsí ẹni tó pinnu rẹ̀. Àwọn míràn á fi tọ́ọ̀pù-gásíkẹ̀ẹ̀tì méjì léra láti sọ ìfúnpọ̀ kalẹ̀. Kò dára. Etí písítìn gbọ́dọ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀pù-síríńdà tó nǹkan bíi 1 mm kí ó lè ti afẹ́fẹ́ lọ sí àárín kó sì rú u pọ̀. Bí ó bá jìnnà, ìbúgbàmù àìtásìkò tí wọ́n ń sá fún ló ń sún mọ́ tòsí. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi sírínjì bu omi sínú ihò tọ́ọ̀pù-síríńdà lẹ́yìn tí wọ́n fá a tán, kí wọ́n mọ iye cc tó gbà, kí wọ́n tó pàṣẹ písítìn. Inú orí písítìn ni kí wọ́n ti gbẹ́ àyè tó kù.

Bí wọ́n bá ti to ẹ́ńjìnnì náà tán, epo Èkó ni kí wọ́n fi tún bíréènì-bọ́ọ̀sì ṣe. Ètò bíréènì-bọ́ọ̀sì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti Yúróòpù, tó fi epo 98 ṣe, á pa ẹ́ńjìnnì náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ rìn láìlo tọ́bò púpọ̀, kí wọ́n yí ọ́ìlì àkọ́kọ́ kúrò kíákíá, kí wọ́n sì gé fíltà ọ́ìlì wò. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí tọ́bò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tú plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi awò asọǹkan-di-ńlá wo funfun ara rẹ̀. Bí àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń dán bíi fàdákà bá wà níbẹ̀, aluminiọ́ọ̀mù písítìn ni. Kí wọ́n dín ipá tọ́bò kù, kí wọ́n fa àkókò iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn, kí wọ́n sì fi kún epo kí ọkọ̀ náà tó tún jáde.