Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ọ̀nà Oko

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà bá ṣẹlẹ̀ lóde òní, títì ọlọ́dà tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí títì tó dé ni ọ̀nà ti wà. Ọ̀nà tóóró tí ó la ọ̀dàn kọjá, tí ó pẹ́ àpáta sílẹ̀, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí odò, tí ó sì tún gun òkè lọ sí abà, òun ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Òun àti ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí rẹ̀, ìbáà ṣe nítorí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe nítorí pé ó dùn mọ́ ọn.

Àwọn òyìnbó ti sọ gígun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà olókè di eré ìdárayá ńlá. Bí a bá sọ fún ọ̀dọ́ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé irú eré bẹ́ẹ̀ wà, yóò rò pé ohun ilẹ̀ òkèèrè ni, kò kan òun. Kò mọ̀ pé bàbá-bàbá òun ti ṣe é rí, láìgba ife-ẹ̀yẹ kankan. Kò sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà eré náà wà lẹ́yìn ilé òun, tí ó ń pòórá díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley, ará Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop ní Belfast fi rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ara sì tu ẹni tí ń gùn ún. Nígbà tí irú kẹ̀kẹ́ yìí dé ilẹ̀ Yorùbá, a sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ ológeere, orúkọ tí ó bá ìrìn rẹ̀ mu, nítorí kì í pariwo, geere ni ó ń lọ.

Ó sì bọ́ sí àkókò. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kò ya Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Lóòótọ́, láti ọdún 1906 ni ọ̀nà mọ́tò ti so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni mọ́tò nígbà náà, ta ni yóò sì wa mọ́tò wọ inú oko? Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn ẹsẹ̀. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé ìwé abúlé. Oníwàásù ń gùn ún lọ sí ìjọ oko. Wolé-wolé ń gùn ún káàkiri. Bí àwọn obìnrin bá sì ti rí i lókèèrè ni wọ́n ti ń bo ìkòkò omi wọn. Adẹ́mu a so akèrègbè mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Àgbẹ̀ a di iṣu sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pọn ọmọ. Ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gba owó láísẹ́ńsì lórí rẹ̀.

Ẹ wo àgbẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ yìí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wúwo, irin gbọọrọ ni bíréèkì rẹ̀, kò sì ní ohun tí a fi ń yí ìyára padà nígbà tí a bá ń gun òkè. Síbẹ̀, kí ìrì òwúrọ̀ tó gbẹ, ó ti wà lórí ọ̀nà tí ènìyàn méjì kò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í jókòó gbagidi: yóò dìde dúró lórí pẹ́dáàlì, yóò sì fa ara sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ má baà dojú dé. Kì í fún bíréèkì iwájú mọ́wọ́ lójijì, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fò kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ó bá kan yanrìn, yóò dẹ ọwọ́, yóò sì máa wa ẹsẹ̀ lọ láìdúró. Bí ó bá kan òkúta, kì í tẹjú mọ́ òkúta. Ibi tí ó fẹ́ gbà ni ó ń wò, nítorí ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń tọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ọ̀nà ni ó kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá lọ sí Kalifóníà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní àgbègbè Marin, nítòsí òkè tí a ń pè ní Tamalpais, ń wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kiri, àwọn kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ tí a ti ṣe láti àwọn ọdún 1930 àti 1940. Wọ́n ń gbé wọn gun orí òkè, wọ́n sì ń gùn wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà eléruku. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, wọ́n ṣe ìdíje kan ní ọ̀nà kan nítòsí ìlú Fairfax, tí ó fi nǹkan bí mítà 400 sọ̀ kalẹ̀ láàárín kìlómítà 3 ó lé díẹ̀. Pẹ́dáàlì ni wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ wọn tó dúró. Bíréèkì inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ yóò jó di èéfín. Wọn a sì ní láti kó gírísì tuntun sí i kí wọ́n tó tún gùn ún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pe ìdíje náà ní Repack, èyí tí ó túmọ̀ sí títún un dì. Ní ọdún 1977, Joe Breeze fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó ń tà á. Nígbà tí ó di ọdún 1996, ní Atlanta, eré náà ti wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì.

Kí ni ó wá ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára àgbẹ̀ wa? Kì í ṣe kẹ̀kẹ́, ògbólógbòó ni tiwọn náà. Kì í ṣe ọ̀nà, eruku ni tiwọn, eruku ni tiwa. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ka ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn sí. Wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n fi ọjọ́ sí i, wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a bá kà sí ni í níyì.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí tilẹ̀ ni adùn rẹ̀? Ẹni tí ó wà lórí ọ̀nà tóóró kò ráyè ro ti gbèsè tàbí ti ìjà ilé. Gbòǹgbò igi tí ó wà níwájú rẹ̀ ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Bí ó bá ti là á já, inú rẹ̀ a dùn bí inú ọmọdé tí ó fo kòtò. Kẹ̀kẹ́ yára tó kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ni lójú, kò sì yára jù kí ènìyàn gbọ́ igbe àparò nínú koríko, tàbí kí ó kí àgbẹ̀ pé "Ẹ kú oko, àroko bọ́dún dé o!" kí ó sì gbọ́ èsì rẹ̀ kí ó tó kọjá. Èyí ni ẹni tí ó wà nínú mọ́tò kò lè rí.

Ilẹ̀ tiwa sì pé fún un. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí kìlómítà 50, ọ̀dàn ni, yangí ni, àpáta ń yọ orí lọ́tùn-ún lósì, Odò Ọbà sì dá ọ̀nà kọjá. Ilẹ̀ tí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi sáré láyé ijọ́un kò lè ṣòro fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Bí a bá kọrí sí àríwá, àwọn òkè Ìgbẹ́tì ń bẹ níbẹ̀. Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé náà ń bẹ níbẹ̀, tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ahoro olú-ìlú àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ìlú Ọ̀yọ́ sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ilé ẹranko ni: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda, láìsí ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

Ewu wo ni ó wà lóko tí a ní ọ̀nà ń pòórá? Ọ̀nà oko kò dà bí títì. Ẹsẹ̀ ni ó là á, ẹsẹ̀ ni ó sì ń mú un dúró. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní òjò méjì péré, koríko á gbà á. Láyé àtijọ́, abúlé a pàdé láti yẹ ọ̀nà, ilé kọ̀ọ̀kan a mú àdá wá. Nígbà tí alùpùpù tí a ń pè ní ọ̀kadà gbòde, kẹ̀kẹ́ ológeere di ohun ìgbàgbé. A kò gbọdọ̀ ba alùpùpù lórúkọ jẹ́: ó ti gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn, ó sì ń gbé ẹ̀gẹ́ àti iṣu dé ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà díẹ̀ tí ó rọrùn ni ó ń gbà. Ó sì ń gbẹ́ ẹ ní kòtò lákòókò òjò. Ìyókù á sì di igbó. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, tálákà ni ó ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn díẹ̀ tí ó ṣì fẹ́ gùn ún fún ìdárayá sì ń gùn ún ní etí títì tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ti ń fẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ibi tí ó láàbò sílẹ̀, wọ́n lọ sí ibi ikú.

Ẹ wo Rùwáńdà. Ilẹ̀ olókè ni, kì í sì í ṣe ilẹ̀ olówó. Ní ọdún 2012, Adrien Niyonshuti, ọmọ ilẹ̀ náà, gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje ọ̀nà olókè ní Òlíḿpíìkì London. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti gbogbo àgbáyé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ wá wo tiwa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní Paris, Ese Lovina Ukpeseraye tí ó ń ṣojú Nàìjíríà ní láti yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kí ó tó lè díje nínú eré kẹ̀kẹ́ orí pápá. Ó ní akíkanjú. Kẹ̀kẹ́ ni kò ní. Ibi tí a kò bá ti ka nǹkan sí, yíyá ni a ń yá a.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọ̀dọ́ padà sí ọ̀nà oko, a gbọdọ̀ sọ èyí tí ó kù. Ọ̀nà náà ní olówó. Ní Marin gan-an, àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun ẹṣin fi ẹjọ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sùn, wọ́n sì fòfin dè wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró ní àwọn ọdún 1980. Ìyẹn wà lára ohun tí ó mú àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Kalifóníà dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí wọ́n sì ṣe òfin fún ara wọn: ibi tí a bá yọ̀ǹda ni kí a gbà, kí a yà fún ẹlẹ́sẹ̀, kí a má dẹ́rù ba ẹranko. Àwọn bàbá wa kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Ẹni tí ó ru ẹrù ni a ń yà fún. A kì í gun orí ebè ẹlòmíràn kọjá. A kì í sì í wọ ilẹ̀ ẹni láìkí i. Ẹni tí kò bá lè pa èyí mọ́, kí ó má ṣe gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí oko olóko.

Iṣẹ́ kan wà fún ìjọba pẹ̀lú. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi fífún kẹ̀kẹ́ ológeere ní láísẹ́ńsì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òfin fún wọn ní ọwọ́ láti gba owó orí kẹ̀kẹ́, ó yẹ kí ọwọ́ kan náà lè mú àdá. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ bá baálẹ̀ abúlé sọ̀rọ̀, kí wọ́n yan ọ̀nà oko díẹ̀ tí ó so abà pọ̀ mọ́ abà, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Kò gba ọ̀dà, kò gba kọngílá. Àgbẹ̀ yóò rí i gbà lọ sí oko, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i gbà lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀dọ́ yóò rí i fi ṣe eré. Kí a sì pe àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà wọ̀nyí rí, kí wọ́n wá fi ojú ọ̀nà han àwọn ọmọ, kí a sì kọ orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹnu tí ó mọ̀ ọ́n tó pa mọ́.

Ọ̀nà tí a kò bá rìn ni í di igbó. Ẹ̀yin òǹwòran wa, bí kẹ̀kẹ́ kan bá wà ní ẹ̀yìnkùlé yín tí ìpata ti bò, ẹ pọ́n ọn, ẹ fẹ́ táyà rẹ̀, kí ẹ sì bi àgbà ilé yín léèrè ọ̀nà tí ó gbà lọ sí oko.