Jẹjẹrẹ ọmú kì í jókòó sójú kan

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú la mú wá lónìí.

Ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì ọmú a máa gbé inú ọmú. Bó bá gbó, a kú, òmíràn a sì rọ́pò rẹ̀. Ti jẹjẹrẹ kò mọ ààlà. Á máa pọ̀ sí i, á di kókó, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì já kúrò.

Ṣé ẹ mọ èèmọ́, tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ wa, tí à ń gbé láti oko kan dé òmíràn láìmọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ṣe ń gbé jẹjẹrẹ kiri. Abíyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ó lè dé egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ń kú sọ́nà. Ìwọ̀nba tó bá rí ibi hù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá sì dé egungun, jẹjẹrẹ ọmú náà ni, kì í ṣe àrùn tuntun.

Kókó yìí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi í pamọ́. Bí ọwọ́ yín bá kàn án, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kó tó rìn. Kókó púpọ̀ ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín o: ó ń mú ọkùnrin náà nígbà mìíràn.